Omi Tó Yí Sàréè Ká

Láti kékeré ni mo ti jẹ́ ẹni tí kì í gba èèyàn gbọ́. Bí wọ́n bá rán mi lọ gba aṣọ lọ́dọ̀ télọ̀, màá béèrè àjákù rẹ̀. Bí wọ́n bá bu ẹran fún wa nílé, màá wo tèmi, màá wo ti ẹ̀gbọ́n mi, màá tún padà lọ wo inú ìkòkò. Màmá mi, ọmọ Àkúrẹ́ pọ́ńbélé, máa ń sọ pé uṣẹ́ ọlọ́pàá ló yẹ mí. Mo máa ń fi rẹ́rìn-ín ni. Wọ́n ṣáà ní ìfura loògùn àgbà, mo sì rò pé èmi ti tètè bẹ̀rẹ̀ sí í lo tèmi.

Púlọ́mbà ni mo padà kọ́. Nígbà tí wọ́n gé Èkìtì kúrò lára Oǹdó, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń gbé Àkúrẹ́ kó ẹrù wọn lọ sí Adó, iṣẹ́ wa bá dín kù, torí páìpù ilé tó ṣófo kì í bẹ́. Mo jẹ ìyà kiri fún bí ọdún mélòó kan kí ọ̀gá kan tó gbà mí síbi iṣẹ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà Ìlárá-Mọ̀kín. Ọ̀gá yìí ti pẹ́ nílùú òyìnbó. Ó gbé ẹ̀rọ ńlá kan bọ̀, ó ní òun fẹ́ máa bá àwọn tó ń ta ata, tòmátì àti ẹ̀fọ́ tọ́jú ọjà wọn sínú yàrá òtútù, kí ó má baà jẹrà mọ́ wọn lọ́wọ́ kí ọjọ́ ọjà tó pé. Ó ní iná igi ni ẹ̀rọ náà fi ń mú nǹkan tutù. Mo wò ó lójú láti mọ̀ bóyá orí rẹ̀ pé. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ yàrá yẹn tí eyín mi ń gbá ara wọn, mo ṣì jáde lọ yí ilé náà po, mò ń wá ibi tí wọ́n gbé fa iná mànàmáná pamọ́ sí. N kò rí nǹkan kan ju jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń yí pọ́ǹpù àti fáànù lọ.

Ohun tó yé mi nínú ẹ̀rọ náà nìyí. Omi mẹ́ta ló ń rìn nínú rẹ̀, wọn kì í sì í pàdé. Omi gbígbóná ń ti inú bọ́ílà wá, ìyẹn àgbá irin tí a ń dáná sí, òun ló ń fún ẹ̀rọ lágbára. Omi tútù ń lọ sí yàrá tí ọjà wà, ó ń padà. Ẹ̀kẹta ni èmi ń pè ní omi arẹrù, torí òun ló ń ru gbogbo ooru inú ẹ̀rọ jáde lọ sí táwà, ìyẹn àgbá gíga kan lẹ́yìn ilé tó ní fáànù lórí, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ ooru náà dànù. Bí omi arẹrù bá ń rìn dáadáa, òtútù á dé. Bí ó bá ń wọ́ ẹsẹ̀, ooru á jókòó pa sínú ẹ̀rọ, èèyàn ìbáà dáná títí kan ọ̀run, yàrá kò ní tutù. Géèjì méjì, ohun bí aago kékeré tó ní abẹ́rẹ́, ló wà lára páìpù omi arẹrù yìí, ọ̀kan nídìí pọ́ǹpù lẹ́gbẹ̀ẹ́ táwà, èkejì ní ẹnu ẹ̀rọ. Èmi ni mo ń wò wọ́n láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.

Àwa méjì péré la jọ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Omi ni tèmi. Iná jẹ́ ti bàbá kan, ọmọ ìlú Oǹdó, tó ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Bàbá Oníná. Èérún pákó tí wọ́n ń dà nù ní sọ́mìlì la fi ń dáná, kò sì rọrùn láti dá, torí bí o bá dà á sí i jù, á kú, bí o bá dà á sí i díẹ̀, á jó tán kí o tó yíjú. Bàbá mọ̀ ọ́n dá bí ẹni ń fún ọmọ ọwọ́ lóúnjẹ. Bí inú bá bí i, á máa fi èdè Oǹdó bá bọ́ílà sọ̀rọ̀, n kì í gbọ́ ìdajì rẹ̀, mo sì máa ń rò pé èmi ló ń bú. Ó máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Á ní, "Ẹ̀yin ará Àkúrẹ́ yìí, ẹ máa ń wo èèyàn bí ẹni ń wo owó ayédèrú." Màá dá a lóhùn pé ayédèrú ló pọ̀ nígboro, Bàbá.

Èéfín ti ba ojú rẹ̀ jẹ́. Nígbà míì, ó ní láti fi ọwọ́ wá ilẹ̀kùn bọ́ílà kí ó tó rí i. Ohun kan ṣoṣo ló sì wà lọ́kàn rẹ̀: ilẹ̀ bàbá rẹ̀ wà ní Bọ́lọ́rundúró, kòkó orí rẹ̀ ti gbó, ó ti kú, òun fẹ́ tún un gbìn kí òun tó darúgbó jù. Ó yá yàrá kan ní Ìsìkàn, ẹ̀yìnkùlé ibẹ̀ ló ti gbin ọmọ kòkó sínú ọ̀rá dúdú, ó ní wọ́n ju ọgọ́rùn-ún mẹ́ta lọ. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ tí ilẹ̀ sì rọ̀, á kó wọn lọ sóko. "Bí wọ́n bá mú lọ́dún yìí," ó wí, "ọdún mẹ́rin, márùn-ún, wọ́n á so. Èmi á fi iná yìí sílẹ̀ kí n tó fọ́jú tán. Bí wọn ò bá mú lọ́dún yìí, n ò ní okun láti tún bẹ̀rẹ̀." Ó máa ń sọ ọ́ bí ẹni ń ka ìwé ìpè ìgbéyàwó.

Ilẹ̀ tí a ti ń ṣiṣẹ́, ẹbí kan ló fi yá ọ̀gá wa. Sàréè bàbá wọn wà láàárín ọgbà náà, láàárín táwà àti ẹ̀rọ. A kì í gbé òkú àgbà jìnnà sílé ní ọ̀dọ̀ wa, kò sì sí ẹni tó rí i sí nǹkan. Páìpù omi arẹrù kọjá níbi ẹsẹ̀ sàréè náà, ó tọ́ gbọnrangandan. Nígbà tí ọyẹ́ dé, àwọn ọmọ olóògbé wá tún sàréè ṣe sílẹ̀ de ìrántí bàbá wọn. Wọ́n fẹ̀ ẹ́, wọ́n lẹ táìlì mọ́ ọn, wọ́n gbin òdòdó yí i ká. Àgbà inú wọn wá fetí sílẹ̀ níbẹ̀, ó gbọ́ bí omi ṣe ń hó nínú páìpù. Ó ní, "Bàbá wa ò sinmi nígbà tó wà láyé. Ẹ má jẹ́ kí omi máa pariwo nídìí ẹsẹ̀ rẹ̀." Ọ̀gá sọ fún mi pé kí n gbé páìpù náà kúrò.

Mo gbé e kúrò. Páìpù tó kù ní sítóò tín-ín-rín ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n mo rò pé omi ni omi. Mo fi ẹ́líbò mọ́kànlá, ìyẹn ìtẹ̀kọ́rọ̀ páìpù, yí sàréè náà ká láì fara kàn án: mo yà á sọ́tùn-ún, mo yà á sókè, mo yà á gba ẹ̀yìn òdòdó, mo tún rọra mú un wálẹ̀ kí ó má baà dí ọ̀nà tí àwọn ìyá á máa gbà wá gbàdúrà. Gbogbo igun rẹ̀ ṣe rẹ́gí. Mo kùn ún ní búlúù. Àwọn ẹbí dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n gbàdúrà fún mi pé ọwọ́ mi kò ní rọ. Bàbá Oníná nìkan ló dúró tí ó tẹ orí sápá kan, ó ń wò ó. Ó ní, "Ó dára lójú o. Ṣùgbọ́n á ti rẹ omi yìí kí ó tó délé." Mo rò pé ìlara ni. Kí ni ará Oǹdó tó ń da èérún pákó síná mọ̀ nípa omi?

Nínú oṣù yẹn kan náà, ọ̀gbẹlẹ̀ le. Kànga ń gbẹ káàkiri Àkúrẹ́, ọkọ̀ omi ń gbé eruku gba ìgboro kọjá. Bàbá náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé kẹ́ẹ̀gì. Nínú yàrá òtútù, omi máa ń ro lára àwọn irin tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù, bí ó ṣe máa ń sun lára ike omi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde nínú fíríìjì. Rọ́bà kan gbé omi ríro yìí gba ara ògiri jáde, ó ń dà sínú koríko lásán. Bàbá gbé kẹ́ẹ̀gì òféèfèé kan sábẹ́ rẹ̀. Nírọ̀lẹ́, á dè é mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀, á máa wa kẹ̀kẹ́ lọ sí Ìsìkàn.

Mo bi í pé kí ló fẹ́ fi í ṣe. Ó ní, "Kànga ilé wa ti gbẹ. Omi yìí ló ń gbé ọmọ kòkó mi ró. Wá wò ó lọ́jọ́ kan, kí o rí bí ewé wọn ṣe ń dán." Mo ní màá wá. N kò lọ. Ẹni tó bá ń pè ọ́ kí o wá wo nǹkan, mo máa ń rò pé ó ti tò ó sílẹ̀ dè ọ́ ni.

Kò pẹ́ tí géèjì ẹnu ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Nídìí pọ́ǹpù, abẹ́rẹ́ dúró sí mẹ́rin, kódà ó ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní ẹnu ẹ̀rọ, kò ju ọ̀kan àbọ̀ lọ. Mo nu dígí rẹ̀, mo fi ìka lù ú, mo pààrọ̀ géèjì méjèèjì síra wọn. Bákan náà ni. Yàrá òtútù ò tutù mọ́ bó ṣe yẹ. Nǹkan mẹ́ta ló ṣẹlẹ̀ nínú oṣù kan: mo yí páìpù, ọ̀gbẹlẹ̀ le, Bàbá ra kẹ́ẹ̀gì. Ẹni tó bá ní làákàyè á yẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò. Kẹ́ẹ̀gì nìkan lèmi wò. Mo sọ fún ara mi pé ohun tó kúrò níbì kan tí kò pé nígbà tó dé ibi tó ń lọ, ẹnì kan ló bù ú lọ́nà.

Láti ọjọ́ náà, mo di àmọ̀tẹ́kùn. Mo fi èédú ṣàmì sára kẹ́ẹ̀gì láti mọ ibi tí omi dé ní ọ̀sán. Ọjọ́ kan tí Bàbá lọ bu èérún pákó, mo ṣí i, mo tọ́ omi inú rẹ̀ wò. Kò ní adùn kankan. Mo ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni omi olè ṣe ń rí lẹ́nu. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo gun ọ̀kadà tẹ̀ lé e láti òkèèrè. Ó dúró lọ́dọ̀ àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù, wọ́n jọ sọ̀rọ̀, wọ́n jọ rẹ́rìn-ín, ọ̀kan nínú wọn sì fi ọwọ́ gbá kẹ́ẹ̀gì náà pẹ́pẹ́. Ó tó mi: àwọn ló ń ta omi wa fún. Mo ní kí ọlọ́kadà yí padà. Bí mo bá ti ní sùúrù kí ó rìn díẹ̀ sí i, n bá rí i tó gbé omi yẹn wọ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mo wá wò ni mo ti rí, èyí tí n kò wá wò kò kàn mí.

Ata bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Àwọn ìyá tó ni ọjà wá, wọ́n tú apẹ̀rẹ̀ wọn sílẹ̀ níwájú ọ̀gá, òórùn gba gbogbo ọgbà. Ọ̀gá ní bí yàrá ò bá tutù kí oṣù tó parí, òun á ti ilẹ̀kùn, kí oníkálukú máa lọ sílé bàbá rẹ̀. Mo mú un lọ síbi géèjì. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ wò ó. Mẹ́rin ló kúrò níbí. Ọ̀kan àbọ̀ ló dé ọ̀hún."

Ó ní, "Ta ló ń bù ú?"

N kò dárúkọ ẹnì kankan. Mo kàn fi ètè júwe kẹ́ẹ̀gì tó wà lábẹ́ rọ́bà. Títí di òní, bí mo bá rántí, ètè mi ló máa ń kọ́kọ́ tì mí lójú.

Wọ́n pe Bàbá. Ó jáde láti ìdí iná pẹ̀lú eérú lórí ìpéǹpéjú rẹ̀. Ó ní omi ìdànù ni, kí ọ̀gá wá wo rọ́bà tó ń ro ó. Ó ní bí ìyẹn ò bá tó, kí a jọ wọ mọ́tò lọ sí Ìsìkàn nísinsìnyí, kí a wá wo ibi tí omi náà ń lọ. Ọ̀gá wojú mi. Ó ṣeé ṣe kí ó gbà láti lọ, bí mo bá ti pa ẹnu mi mọ́. Èmi ni mo ní, "Bàbá, kẹ́ẹ̀gì kan la rí yìí. Ta ló mọ èyí tí a ò rí?"

Bàbá kò bínú, ìyẹn gan-an tún mú mi fura sí i. Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ rántí ibi tó ti mọ̀ mí rí. Ó da omi inú kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀, ó dojú rẹ̀ dé sí ẹ̀gbẹ́ bọ́ílà, ó fọ ọwọ́, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ. Oṣù kejì ọdún ni, òjò ṣì jìnnà.

Kò wá síbi iṣẹ́ mọ́. Mo dá iná, mo wo omi, èmi nìkan. Ní ọjọ́ kejì, mo sáré lọ síbi géèjì kí n tó fọ ojú. Ọ̀kan àbọ̀. Ọjọ́ kẹta, ọ̀kan àbọ̀. Ẹlòmíràn á ti bi ara rẹ̀ léèrè. Èmi ní, áà, bàbá yìí gbọ́n o, ó ti ri páìpù mìíràn mọ́lẹ̀. Mo gbé dígà, mo gbẹ́ ilẹ̀ láti ìdí táwà dé ẹnu ẹ̀rọ. Mo gbẹ́ ẹ̀yìn òdòdó sàréè débi tí àwọn ẹbí fi wá bi mí pé ṣé mo fẹ́ hú bàbá àwọn ni. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gbẹ́ ẹ. Gbòǹgbò àti ekòló ni mo rí.

Níkẹyìn, ọ̀gá mú obìnrin kan wá, onímọ̀ ẹ̀rọ, tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ìwé gíga. Mo ti múra sílẹ̀ láti fura sí òun náà. Mo ro ẹjọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo fi géèjì hàn án, mo fi kẹ́ẹ̀gì hàn án. Ó gbọ́ mi tán. Ó wá bi mí pé, "Ọ̀gá púlọ́mbà, omi tó wà nínú táwà, ṣé ó ń lọ sílẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ? Ṣé ẹ̀ ń bu omi kún un ju bí ẹ ti ń bù ú tẹ́lẹ̀ lọ?"

Mo ní, "Rárá, Màdáámù. Bó ṣe máa ń rí ló rí."

Ó ní, "Kí ni wọ́n wá jí?"

Mo yíjú wo táwà. Omi arẹrù ń lọ yípo ni, ó ń ti táwà jáde, ó ń padà sí táwà. Bí ẹnikẹ́ni bá ń bù ú lójú ọ̀nà, táwà á ti gbẹ láàárín ọjọ́ méjì. Lójoojúmọ́ ni mò ń wo táwà yẹn. Màdáámù gbé bókẹ́ẹ̀tì, ó gbé aago ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ní kí n tú páìpù nídìí pọ́ǹpù, a wo bí bókẹ́ẹ̀tì ṣe pẹ́ tó kí ó tó kún. Mo tún dè é padà, a tú u ní ẹ̀yìn ẹ́líbò kọkànlá. Ó pẹ́ níbẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Ó wá mú mi rìn yí sàréè náà ká, ó ń fi ọwọ́ kan ẹ́líbò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Omi kankan ò sọnù. Agbára rẹ̀ ló ń tán síbí. Ọ̀nà tóóró lẹ fi sí, gbogbo igun tó bá yà ló ń gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Géèjì kì í ka iye omi. Ipá tó kù fún un ló ń kà."

Á ti rẹ omi yìí kí ó tó délé. Bàbá Oníná ti sọ ọ́ fún mi lójú ara mi.

A wá páìpù ńlá, a gbà á gba ẹ̀yìn ọgbà lọ́hùn-ún, jìnnà sí sàréè, ìtẹ̀kọ́rọ̀ méjì péré ló ní. Ní ọjọ́ kejì, abẹ́rẹ́ ẹnu ẹ̀rọ ti gòkè ju mẹ́ta lọ, yàrá tutù, àwọn ìyá aláta ń yin ọ̀gá. Ẹ̀rù bà mí. Mo jókòó lórí òkè yẹ̀pẹ̀ tí mo gbẹ́. Mo mọ̀ pé ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀, ṣùgbọ́n eérú tí èmi dà, ara ẹlòmíràn ló bà lé.

Mo lọ sí Ìsìkàn. Ìyá onílé ní Bàbá ti padà sí Oǹdó láti bí ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ní mo fẹ́ rí ẹ̀yìnkùlé. Ó mú mi lọ. Àwọn ọmọ kòkó náà tò ní ìlà ní ìlà lábẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ tí Bàbá fi ṣe ìbòòji fún wọn. Èmi tí mo máa ń ka nǹkan, mo kà wọ́n. Ọgọ́rùn-ún mẹ́ta ó lé méjìlá. Ewé wọn ti pọ́n, ó ti ká jọ bí ìwé tí iná rà. Mo tẹ ọ̀kan wò, ó dá pọ́kí. Ìyá onílé ní Bàbá kọ́kọ́ ń lọ pọn omi ní odò tó jìnnà, àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù náà fún un ní díẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan títí tiwọn fi tán. Ó ní lọ́sẹ̀ tó kẹ́yìn, ṣe ló kàn ń jókòó tì wọ́n.

Mo wọ mọ́tò Oǹdó láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Níwájú ilé ẹbí rẹ̀ ni mo ti bá a, ó ń pọ́n àdá lórí òkúta. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku. Mo ní, "Bàbá, ẹ dárí jì mí. Èmi ni mo ba páìpù jẹ́. Omi ò sọnù rárá."

Ó ń pọ́n àdá rẹ̀ lọ. Ó ní, "Mo mọ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò bá mi jà?"

"Mo ti sọ fún ọ, o ò gbọ́. Mo ní kí o wá wò ó, o ò wá. Kí ló kù?"

Mo ní mo ti lọ sí Ìsìkàn. Ó dá ọwọ́ dúró fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ní, "Ṣé o rí wọn?"

Mo ní mo rí wọn.

Ó ní, "Ó dáa. O wá wò ó." Ó ní kí n dìde, ó pe ìyàwó ọmọ rẹ̀ pé kí ó fún mi lómi mu. Mo mu omi náà tán.

Ọ̀gá ránṣẹ́ sí i, ó bẹ̀ ẹ́, torí kò sí ẹni tó lè dá iná náà bíi tirẹ̀. Ó padà wá. Kí ló tún fẹ́ ṣe? Kò sí kòkó tó ń dúró dè é mọ́. Ó ń kí mi láàárọ̀, a jọ ń jẹ gúgúrú àti ẹ̀pà lọ́sàn-án, kò sì bú mi lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó kọ́kọ́ padà, nígbà tó fẹ́ lọ sílé, ó gbé kẹ́ẹ̀gì tó dojú dé lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ílà, ó gbé e wá síwájú mi, ó ṣí ìdérí rẹ̀, ó dà á kodò bí ẹni tí wọ́n ń yẹ ẹrù rẹ̀ wò lẹ́nu ọ̀nà. Kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Ó ní, "Wá wò ó." Ó tún ṣe é lọ́jọ́ kejì. Ó ṣe é lójoojúmọ́.

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní, "Bàbá, omi ìdànù ni, ẹ máa gbé e. Èmi fúnra mi á bá yín dè é mọ́ kẹ̀kẹ́."

Ó ní, "Kí n fi bomi rin kí ni?"

Ọ̀gbẹlẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo ra èso kòkó, mo gbin hóró rẹ̀ sínú ọ̀rá lẹ́bàá ibi tí rọ́bà náà ti ń ro, omi yẹn ni mo fi ń bomi rin wọ́n láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ kí n tó wo géèjì. Ọgọ́ta ló yè. Nígbà tí òjò dé, a jọ kó wọn lọ sí Bọ́lọ́rundúró, a gba ọ̀nà igbó tí ẹrẹ̀ ti gbà, mo gbẹ́ ihò, ó fi wọ́n sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú rẹ̀ ti ṣú gan-an nígbà náà, ọwọ́ ló fi ń wá ẹnu ihò. Ó ní mo ṣeun. Ó ní ewé wọn ń dán. Inú mi dùn débi pé mo ń kọrin nínú mọ́tò nígbà tí a ń padà bọ̀ sí Àkúrẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, ó pa ẹnu bọ́ílà dé, ó fọ ọwọ́, ó gbé kẹ́ẹ̀gì wá síwájú mi, ó dà á kodò, ó ní kí n wá wò ó.